Àyè Ìrán Lára Ẹsẹ̀ Bébà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe obìnrin yìí ní Ìyá Téèpù, kó wo ọrùn rẹ̀. Téèpù ìwọ̀n kì í kúrò níbẹ̀, ì báà jẹ́ ìdí máṣíìnì ló wà, ì báà jẹ́ ìdí ààrò. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tí Ọlọ́run bá pè é, yóò kọ́kọ́ wọn ẹnu ọ̀nà ọ̀run wò kó tó wọlé. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ̀yin tí ẹ kì í wọ̀n kí ẹ tó gé, ẹ̀yin lẹ máa há sẹ́nu ọ̀nà."

Lọ́jọ́ tí àbúrò rẹ̀ ránṣẹ́ pè é sí gbọ̀ngàn ìjọ, iṣẹ́ ló bá lọ. Àbúrò kan ṣoṣo yìí ló ní. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì, Nọ́ọ̀sì náà ni gbogbo àdúgbò ṣì ń pè é, òun sì ni olórí àwọn obìnrin nínú ìjọ. Ó fẹ́ dá ẹgbẹ́ ijó sílẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà. Ijó ayé àtijọ́ ni, ijó oníméjì-méjì tí ọkùnrin ń di obìnrin mú tí wọ́n á jọ máa yí po. Dókítà tí wọ́n pè wá sọ̀rọ̀ sọ pé ó dára fún orúnkún, ó dára fún iyè inú, ó sì ń lé ìdánìkanwà jìnnà sí arúgbó. Àwọn alàgbà ìjọ gbọ́, wọ́n mi orí, wọ́n fọwọ́ sí i. Ìyá Téèpù ni yóò rán aṣọ tí wọ́n máa ta sí ojú fèrèsé.

Nígbà tó gbọ́ pé àwọn alàgbà fọwọ́ sí ijó, ó fa téèpù ọrùn rẹ̀ yọ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dára náà. Ohun tí wọ́n ń bú, bó bá pẹ́ láyé tó, á di ohun tí wọ́n ń yìn."

Ó gun àpótí, ó wọn fèrèsé àkọ́kọ́, ó wọn èkejì. Ibi tó ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ló ti bojú wolẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n tò sí àárín gbọ̀ngàn. Ẹsẹ̀ bébà ni, àwọn kan ní àwọ̀ ilẹ̀, àwọn kan funfun tó ti pọ́n bí eyín arúgbó. Wọ́n fi ọ̀rá tó mọ́ gaara lẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ kí bàtà má baà fà wọ́n ya. Wọ́n rìn lọ síwájú, wọ́n yà sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì yí po, bí ẹni pé àwọn òkú ayé àtijọ́ kan jó kọjá níbẹ̀ tí wọ́n gbàgbé àtẹ́lẹsẹ̀ wọn.

Àwọn obìnrin méjì tó ń gbálẹ̀ ti ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ẹsẹ̀ ta ni wọ́n wọ̀n ná? Ẹsẹ̀ erin?"

"Bóyá ẹsẹ̀ ọkọ rẹ ni."

"Ọkọ mi kì í jó. Ká ní ó ń jó ni, ilé wa ì bá ti wó."

Ìyá Téèpù kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀, ó sún gíláàsì rẹ̀ sókè, ó wo ẹsẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù. Òótọ́ ni, ẹsẹ̀ náà tóbi ju ti ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n ìlà pẹ́ńsùlù tín-ín-rín kan wà nínú rẹ̀, tó tẹ̀ lé etí rẹ̀ yí ká láìkan etí náà. Ẹsẹ̀ tó wà nínú ìlà yẹn, ẹsẹ̀ ènìyàn gidi ni. Èyí tó kù lẹ́yìn ìlà, àyè ìrán ni.

Ẹni tí kò bá ránṣọ kò ní mọ̀. Aránṣọ kì í gé bébà mọ́ ojú ìlà, torí tí a bá gé aṣọ mọ́ ojú ìlà, ibi tí abẹ́rẹ́ máa gbà kò ní sí mọ́, aṣọ náà á sì fún mọ́ ẹni tó ni ín lára. Ó gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ yí ká. Tó bá ti mọ́ni lára, ọwọ́ á máa fi àyè náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kódà lára ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní rán láéláé. Oníjó wo ló máa fi àyè ìrán sí ara ẹsẹ̀? Aránṣọ ló lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ó sì wo ìdí gìgísẹ̀, ó rí ihò kékeré onígun mẹ́ta tó fi àlùmọ́gàjí ya síbẹ̀, àmì tó máa ń fi sí gbogbo bébà rẹ̀ títí di òní.

Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló gé wọn, àwọn ẹsẹ̀ tí wọ́n sọ fún un pé bàbá wọn ti sun.

Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira iṣẹ́, òkìtì ìwé àlòkù ló máa ń rà fún bébà tó fi ń gé aṣọ. Nínú òkìtì kan ló ti rí ìwé ijó méjì. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn kọ́ ènìyàn bí wọ́n ṣe ń tẹrí ba kí wọ́n tó jó, bí ọkùnrin ṣe gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́ kí òógùn rẹ̀ má baà ba aṣọ obìnrin jẹ́, ó sì sọ pé orí ìka ọwọ́ nìkan ni wọ́n ti lè fara kan ara wọn. Ó wá fi ojú ewé gbọọrọ kan bú ijó tuntun kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé dé, ijó oníyìípo tí wọ́n ti ń di ara wọn ní ìbàdí. Ó ní ìtìjú ni, ó ní ọmọ tó bá jó o kò ní rí ilé ọkọ gbé. Ìwé kejì, tí wọ́n kọ lẹ́yìn rẹ̀, ijó oníyìípo yẹn gan-an ló ń kọ́ni, pẹ̀lú àwòrán ẹsẹ̀ dúdú fún ọkùnrin àti ẹsẹ̀ funfun fún obìnrin. Ó ní kò sí ijó tó níyì tó o. Nígbà tó ku ojú ewé díẹ̀ kó parí, òun náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í bú ijó mìíràn tó dé lẹ́yìn tirẹ̀.

Ìyá Téèpù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó pe àbúrò rẹ̀ wá wò ó. "Èyí tí bàbá bú, ọmọ ló jó o. Èyí tí ọmọ ń bú yìí, ọmọọmọ ni yóò jó o. Ṣebí wọ́n kàn ń tì í síwájú ni."

Àwòrán inú ìwé kéré bí èékánná. Ó ṣe bí aránṣọ ṣe ń ṣe tó bá fẹ́ sọ àwòrán kékeré di aṣọ ńlá: ó fa ìlà onígun mẹ́rin-mẹ́rin sórí ojú ewé, ó fa èyí tó tóbi sórí bébà líle, ó sì kó ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti inú onígun mẹ́rin kékeré lọ sínú èyí tó tóbi. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ojú ọ̀nà sílẹ̀ nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó to ẹsẹ̀ lé e. Òun ló ga jù, nítorí náà òun gba ti ọkùnrin, àbúrò gba ti obìnrin. Ẹnu ni wọ́n fi ń kọ orin rẹ̀. Tí ẹ̀rín bá gbé wọn, orin á dá, ijó náà á dá.

Ìyípo ló kọ́kọ́ dà wọ́n láàmú. Orúnkún ń gbá orúnkún. Àbúrò ní ìwé náà ń parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n jókòó ti àwòrán náà fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ó ń yí i síbí, ó ń yí i sọ́hùn-ún, títí ó fi rí i pé ẹsẹ̀ kì í yí ẹnì kejì ká rárá. Àárín ẹsẹ̀ méjèèjì ẹnì kejì ló ń wọ̀, bí abẹ́rẹ́ máṣíìnì ṣe ń bọ́ sí ojú ihò rẹ̀ láìkan irin. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ yí i tí kò sì sí ẹni tó kọsẹ̀, àbúrò dì mọ́ ọn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ni mo ní."

Bàbá wọn, káfíńtà ni, alàgbà ìjọ sì ni. Nígbà yẹn, tí wọ́n bá dárúkọ ijó àdìmọ́ra nínú ìjọ, ohùn tí wọ́n fi ń dárúkọ olè ni wọ́n máa fi sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kí wọ́n tó jó, ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ wà ní títì. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀, ojú okùn ìsáṣọ Ìyá Afọṣọ, aládùúgbò wọn, ló sì kọjú sí.

Lọ́jọ́ kan Ìyá Téèpù dé yàrá iṣẹ́, kò rí ẹsẹ̀ kankan lábẹ́ tábìlì tó máa ń kó wọn pamọ́ sí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, bàbá rẹ̀ pè é wá síwájú àwọn alàgbà. Ẹsẹ̀ bébà kan wà lórí tábìlì.

"Ta lò ń bá jó?"

Ó rí òjìji àbúrò rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ìjọ ti ṣèlérí pé àwọn máa rán àbúrò yẹn lọ sílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lọ́dún náà.

"Àga ni, Bàbá."

"Àga?"

"Àga tí ẹ kàn fún mi."

Ọ̀kan nínú àwọn alàgbà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ikọ́ bò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò yí ìdájọ́ padà. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ọmọkùnrin atúnagoṣe tó fẹ́ fẹ́ ẹ ránṣẹ́ pé ìyá òun ní òun kò lè fi oníjó ṣe ìyàwó ilé. Kò sì sí ẹlòmíràn tó béèrè lẹ́yìn rẹ̀. Àbúrò wá bá a nínú yàrá, ó ń sunkún, ó ní, "Bàbá ti sun wọ́n. Ìyá Afọṣọ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Mo rí i tó ń na ọrùn lójú fèrèsé."

Ní ẹ̀rọ omi àdúgbò, lójú gbogbo ẹni tó tò sórí ìlà, Ìyá Téèpù pe obìnrin afọṣọ náà ní ẹlẹ́nu, ó pè é ní abanijẹ́. Obìnrin náà gbé garawa rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, mi ò mọ ohun tí ò ń sọ." Láti ọjọ́ yẹn, tí obìnrin náà bá kí Ìyá Téèpù, kì í dáhùn. Ọdún ń gorí ọdún, obìnrin yìí ń kí i láràárọ̀, òun ń kọjá bí ẹni tí etí rẹ̀ di. Nígbà tí Ìyá Afọṣọ kú, gbogbo àdúgbò lọ bá ọmọ rẹ̀ kẹ́dùn. Òun dúró sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, kò sọdá.

Ìyá Téèpù dìde kúrò nídìí ẹsẹ̀ bébà náà. Inú yàrá ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ló ti bá Nọ́ọ̀sì, tó ń nu ife.

"Níbo lo ti rí àwọn ẹsẹ̀ yẹn?"

"Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wà nílé, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ilé ta ni?"

Nọ́ọ̀sì gbé ife kan kalẹ̀, ó gbé òmíràn. "Ilé mi. Bàbá ní kí n sun wọ́n. Bébà àtijọ́ lásán ni mo dáná sun. Èéfín ò kúkú yàtọ̀ síra. Mi ò lè sun wọ́n, wọ́n dára jù."

"Ta ló kó wọn lọ bá Bàbá?"

Nọ́ọ̀sì kò wò ó lójú. "Ó rí ṣọ́ọ̀kì lábẹ́ bàtà mi. Ó ní kí ni. Ẹ̀rù bà mí. Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ yẹn ti dé ojú ọ̀nà. Mo ní yàrá yín ni mo gbá. Ó ní kí ló wà ní yàrá yín. Mo sì lọ kó wọn wá fún un."

"O wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí wọ́n ń bi mí léèrè."

"Mo wà níbẹ̀."

"O gbọ́ tí mo ní àga ni."

"Mo gbọ́."

Ìyá Téèpù wá àpótí kan, ó jókòó lé e. Ó di etí téèpù ọrùn rẹ̀ mú, ó ń ká a, ó ń tú u. Ó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ohun tó ń bọ̀ wá sí i lọ́kàn kì í ṣe ẹgbẹ́ akọrin, kì í ṣe atúnagoṣe. Ohùn obìnrin kan tó ń kí i láràárọ̀ ni.

"Ti tèmi ti lọ," ó ní. "Ìyá Afọṣọ lọ̀rọ̀ kàn. Gbangba ni mo ti bú u, gbangba náà ni ká ti wẹ̀ ẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ máa ṣí ẹgbẹ́ yìí, kí ẹ tó jó, dìde kí o sọ pé ìwọ lo kó wọn lọ, kì í ṣe òun. Màá pe ọmọ rẹ̀ wá gbọ́."

"Ẹ̀yin náà ò lè sọ ọ́ fún un ni?"

"Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní owú ló ń jẹ mí, pé ìwọ lo dé ipò. Ẹnu tìẹ ni wọ́n máa gbà gbọ́."

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀, ó di orúnkún rẹ̀ mú. "Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Mo máa sọ ọ́. Ẹ máa wá bá mi ṣí ijó yẹn? Àwa méjèèjì nìkan la mọ ìyípo yẹn dáadáa."

"Sọ ọ́ ná."

Ó rán aṣọ fèrèsé náà bó ṣe ń rán gbogbo nǹkan, ó fi àyè ìrán sílẹ̀, ó ká etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá sọdá òpópónà lọ sí ilé ìfọṣọ. Ọmọ Ìyá Afọṣọ ló ń ṣe iṣẹ́ náà báyìí. Ìdí áyọ́ọ̀nù ló wà. Kò dá iṣẹ́ dúró.

"Gbọ̀ngàn ìjọ? Kí ni mo fẹ́ wá ṣe níbẹ̀, mà? Èmi tí ẹ kì í kí."

"Wá. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí o gbọ́."

Obìnrin náà yí ẹ̀wù tó ń lọ̀ padà. "Ìyá mi máa ń sọ pé nínú gbogbo aṣọ tó ń bọ́ sí òun lọ́wọ́, aṣọ tí ẹ rán nìkan ni ojú ìrán rẹ̀ kì í tú. Ó ní, 'Ó bá mi jà, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́.' Màá wá."

Lọ́jọ́ náà, gbọ̀ngàn kún. Àwọn àga onígi tí bàbá wọn kàn fún ìjọ láyé rẹ̀ ni wọ́n tò yí ẹsẹ̀ bébà ká. Ìyá Téèpù àti ọmọ afọṣọ jókòó pọ̀ níwájú. Àwọn arúgbó ń dá ara wọn lára yá.

"Ṣé o lè yí po ṣá? Ìwọ tí o ń di ògiri mú kí o tó dìde."

"Ògiri ò lè jó. Ìwọ ni màá dì mú."

Nọ́ọ̀sì dìde sí ìdí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó kí àwọn alàgbà, ó kí dókítà. Ó sọ nípa orúnkún àti iyè inú. Ó wá nawọ́ sí ilẹ̀.

"Ẹ wo àwọn ẹsẹ̀ yìí," ó ní. "Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wá láti kékeré, ẹ mọ̀ pé wọ́n ti dá ọ̀rọ̀ ijó sílẹ̀ nílé wa rí."

Ìyá Téèpù fọwọ́ kan ọwọ́ ọmọ afọṣọ pé kó gbọ́.

Nọ́ọ̀sì wo àwọn alàgbà. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ojú rẹ̀ yà kúrò. "Bàbá wa ló pa wọ́n mọ́," ó ní. "Gbogbo ènìyàn rò pé ó sun wọ́n. Ṣùgbọ́n alàgbà tó ní ìran ni. Ó mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òye ìjọ máa là sí i. Èmi ló fi wọ́n sí lọ́wọ́, pé kí n tọ́jú wọn de irú òní. Mo sì tọ́jú wọn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Alàgbà kan nu ojú rẹ̀. Ọmọ afọṣọ yíjú sí Ìyá Téèpù. "Ṣé ohun tí ẹ ní kí n wá gbọ́ nìyẹn?"

Ìyá Téèpù ń wo àbúrò rẹ̀. Ti àkọ́kọ́, ọmọdé ló ṣe é, ẹ̀rù ló bà á. Èyí, àgbàlagbà ló ṣe é, pẹ̀lú gíláàsì lójú, nínú ìmọ́lẹ̀, lẹ́yìn tó ti fọwọ́ di orúnkún rẹ̀ mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló máa bá mi ṣí ijó," Nọ́ọ̀sì ń wí. Orin bẹ̀rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá sí àárín, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìyá Téèpù dìde. Ó rìn lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dé ibi tí ọwọ́ náà wà, ó kọjá. Ó lọ sí ìlà àga tó wà lódì kejì, ó yan ọ̀kan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ dán ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ẹ̀yìn àga náà tẹ́jú, ó dùn ún dì mú. Ó gbé ẹsẹ̀ àga náà sókè díẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó dúró sórí ẹsẹ̀ bébà àkọ́kọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò gbàgbé. Ó lọ síwájú, ó yà sí ẹ̀gbẹ́, ó kó ẹsẹ̀ jọ. Nígbà tó dé ibi ìyípo, ó ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ àárín ẹsẹ̀ àga, láìkan igi, ó sì gbé e yí po. Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n wá rò pé ara ètò ni. Arúgbó kan ní, "Òun ló gbọ́n jù. Àga nìkan ni kì í tẹ ni lẹ́sẹ̀." Wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín tí kò sì pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní nínà. Ó wá rántí rẹ̀, ó fi tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe. Nínú gbogbo ẹni tó kún gbọ̀ngàn náà, òun nìkan ló mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ fún un.

Ìyá Téèpù yí ìyípo kejì, orin kò tíì tán nígbà tó dúró. Ó dá àga padà sí ìlà rẹ̀, ó tún un ṣe kó dọ́gba pẹ̀lú àwọn yòókù. Ó lọ bá ọmọ afọṣọ.

"Jẹ́ ká lọ."

"Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá gbọ́ ńkọ́, mà?"

"Ẹnu tó yẹ kó sọ ọ́ ti gbé e mì. Èmi ni màá sọ ọ́. Lórí ìyá rẹ ni." Wọ́n jáde sínú oòrùn. Lápá ìsàlẹ̀ òpópónà, àwọn ènìyàn tò ní ẹ̀rọ omi, garawa wọn wà nílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. "Ká dé ibẹ̀ yẹn ná. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ti àkọ́kọ́."

"Lójú gbogbo àwọn wọ̀nyẹn?"

"Lójú wọn. Tí wọ́n bá ní owú ni, kí wọ́n pè é ní owú."